Ọgbà olówó iyebíye mi kú, ti ilé àkọ́patì ń tanná: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ìdána ọmọ mi obìnrin kò tíì pé oṣù mẹ́ta, ọ̀rọ̀ náà sì ṣì ń dùn mí. Mo ní kí n kọ ọ́ báyìí kó tó tutù lọ́kàn mi, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín tó ní ààyè díẹ̀ níwájú ilé l'Ékòó ń ṣe ohun tí mo ṣe gẹ́lẹ́. Ẹ ó rí ọgbà kan lórí Instagram, ẹ ó tọ́jú àwòrán rẹ̀ sínú fóònù, ẹ ó wá gbé fóònù lọ bá onífúláwà lẹ́bàá títì pé irú èyí lẹ fẹ́.

Gbàgádà là ń gbé. Iwájú ilé wa kò tóbi, ọkọ̀ méjì ti kún un. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì tí a ò da kọ́ńkéré sí. Nígbà tí àwọn àna wa mú ọjọ́, mo sọ fún ọkọ mi pé a ò ní gba gbọ̀ngàn, ilé wa la ó ti ṣe é, ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì yẹn ni wọn ó sì ti ya fótò. Ó bi mí pé omi wo ni a ó máa bù sí i. Mo ní ṣebí a ní bọ́hóòlù. (Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé wọ́n kìlọ̀ fún mi o. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló béèrè, òun náà sì fẹ́ràn rósì yẹn nígbà tó ń tanná.)

Ìparí oṣù Kẹwàá ni mo gbìn ín. ₦380,000 ni mo ná. Rósì mẹ́rìnlélógún, carpet grass láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ixora méjì tí wọ́n gẹ̀ rìbìtì bíi bọ́ọ̀lù. Ó lẹ́wà títí di ọdún tuntun. N kò ní parọ́, ó lẹ́wà gan-an.

Oṣù Kìíní ni tiransifọ́má àdúgbò bú. A ò rí iná fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, jẹnẹrétọ̀ wa kò sì lè gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi. La bá bẹ̀rẹ̀ sí í ra omi lọ́wọ́ mẹ́rúwà. Ilẹ̀ wa níbẹ̀, yanrìn ni wọ́n fi kún un kí wọ́n tó kọ́lé. Omi tí ẹ bá dà sí i láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán, bí ẹni pé ẹ ò dà nǹkan kan ni. Mo ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi lọ fún rósì nígbà tí àwọn ọmọ ń fi ife méjì wẹ̀. Lọ́jọ́ kan ìyá ọkọ mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ní, "Ìyàwó mi, omi tí a fẹ́ fi rokà lò ń dà sílẹ̀ yìí?" Mo gbé kẹ́ẹ̀gì náà padà wọlé. Koríko ló kọ́kọ́ kú. Ó di pupa, ó wá ń fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìdána, mo pe ọkùnrin tó bá wa ṣe ọgbà náà, mo fún un ní ₦60,000 sí i. Ó kó rósì mẹ́wàá tó ti yọ òdòdó wá, ó rì wọ́n mọ́lẹ̀ láàárín wákàtí kan, ó lọ. Àárọ̀ Sátidé, gbogbo wọn ti dorí kodò.

Ẹ bá mi wo àárọ̀ yẹn. Kánópì ti wà nílẹ̀, àlága ìdúró ti dé, àwọn àna ń wọlé pẹ̀lú ẹrù ìyàwó lórí. Onífótò, ọmọdékùnrin kan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ fẹ́ǹsì dé òpin, ó padà, ó tún rìn ín. Ó wá bá mi, ó rọra sọ ọ́ sí mi létí pé, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, kò sí ibi tó tutù díẹ̀?" Kí n tó dáhùn, ọmọ kékeré kan lára àwọn àna wa ti fa rósì kan. Ó yọ wá sí i lọ́wọ́ bí ẹni yọ igi ìṣáná nínú páálí. Kò ní gbòǹgbò kankan. Ẹ̀ka tí wọ́n gé ni, wọ́n gún un mọ́ iyẹ̀pẹ̀ inú ọ̀rá. Ojú ìyá ọkọ ọmọ mi ló ṣe. Obìnrin náà wo igi lọ́wọ́ ọmọ, ó wò mí, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Bí wọ́n ṣe máa ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ló ṣe kí mi.

Ìgbà tó yá ni mo wá ọmọ mi tì. Onífótò ti mú un jáde ní gẹ́ètì, tòun ti aṣọ òkè rẹ̀, wọ́n ti sọdá títì. Ilé àkọ́patì kan wà níwájú wa. Ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí a ti kó dé, ọdún mẹ́fà rèé. Kò ní òrùlé, kò ní fèrèsé, a ò rí onílé rí. Àmọ́ bougainvillea ti gun fẹ́ǹsì rẹ̀, ó tanná láti òkè dé ilẹ̀, ó pupa fòò. Abẹ́ rẹ̀ ni ọmọ mi dúró sí tó ń rẹ́rìn-ín. Èmi dúró ní gẹ́ètì mi pẹ̀lú gèlè lórí, mò ń wò ó. Ẹnì kan lẹ́yìn mi béèrè bóyá ilé wa kejì nìyẹn. Fótò yẹn ni wọ́n sọ di ńlá, òun ló wà lára ògiri pálọ̀ wa lónìí. Bí mo bá jókòó láti jẹun, òun ni mò ń wò.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo sọdá lọ wo ilé náà dáadáa. Ohun mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀. Bougainvillea lára fẹ́ǹsì, pèrègún márùn-ún ní ìkángun ilẹ̀, ọ̀já ìkookò (snake plant) tó ti bí síra wọn lẹ́sẹ̀ fẹ́ǹsì, àti ìdò lẹ́bàá gọ́tà, ìdò tí a máa ń fi èso dúdú rẹ̀ ṣeré ní kékeré. Kò sí ẹni tó bu omi sí wọn rí. Èmi sì ti ná ₦440,000.

Nítorí náà, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, òun sì ni mo tìtorí rẹ̀ kọ gbogbo èyí: kí ẹ tó ra ewé kan ṣoṣo, ẹ dúró de ìparí oṣù Kejì, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn yí àdúgbò yín ká. Ẹ má wo ilé olówó tó ní ológbà. Ilé àkọ́patì ni kí ẹ wò, àti fẹ́ǹsì ilé ìwé, àti iwájú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Òjò ti dá láti oṣù Kọkànlá nígbà yẹn, oyẹ́ ti fẹ́ kọjá. Ohun tí ẹ bá rí tó ṣì tutù níbẹ̀ ni kí ẹ gbìn. Nínú oṣù Kẹfà, kò sí ewé tí kì í dára l'Ékòó. Òjò ń bo gbogbo àṣìṣe mọ́lẹ̀.

Èkejì ni àsìkò. Mo gbìn nígbà tí òjò ń palẹ̀ mọ́, gbòǹgbò ò ráyè wọlẹ̀ kí ọ̀dá tó dé. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó náà fi ọjọ́ 14 oṣù Keje ṣe ọjọ́ igi gbígbìn, àárín òjò ni. Oṣù Karùn-ún sí oṣù Keje ló dára jù. (Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ọjọ́ ìdána ló lé mi. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ká ní mo ti wo ilé iwájú yẹn ni, ohun tí mo bá gbìn kì bá ti kú, ì báà jẹ́ oṣù Kẹwàá.)

Ní ti bí a ṣe ń pa wọ́n pọ̀: mo máa ń rò pé ọgbà tó dára gbọ́dọ̀ ní oríṣi ogún. Irọ́ ni. Ẹ mú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ gbin ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn púpọ̀. Ọ̀kan tó ga, ọ̀kan tó mọ níwọ̀n, ọ̀kan tó sún mọ́lẹ̀, kí ewé wọn má sì jọra. Pèrègún ga, ewé rẹ̀ gùn, ó ń tẹ̀ sísàlẹ̀. Croton wà láàárín, ewé rẹ̀ pupa, ó tún ní àwọ̀ ìyeyè, àmọ́ kí oòrùn máa pa á o. Nínú òjìji, àwọ̀ yẹn á lọ, á ku ewé tútù lásán. Ọ̀já ìkookò dúró ṣánṣán bí idà lẹ́sẹ̀ àwọn méjèèjì. Ibi tí omi bá ti ń dúró, ìdò ni kí ẹ fi síbẹ̀. Bougainvillea fẹ́ oòrùn gidi, ó sì ní ẹ̀gún, ẹ gbé e jìnnà sí ọ̀nà àwọn ọmọdé. Bí ẹ bá ń bomi rin ín jù, ewé lásán ni yóò máa yọ. Ọ̀dá ló ń mú un tanná. Ìdí nìyẹn tó fi dára tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìdána wa, nígbà tí tèmi ń kú.

Pèrègún ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn. Ó gba oòrùn, ó gba òjìji, ó gba inú ìkòkò ní pálọ̀. Ní ìlú ìyá ọkọ mi, òun ni wọ́n fi ń pààlà ilẹ̀; ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ dé, pèrègún ló máa wá. Arábìnrin kan ní ìjọ wa sọ pé ojúbọ ni wọ́n ń gbìn ín sí. Lójú tèmi, ewé ni o. Èyí tó ní ìlà ìyeyè láàárín ewé tí ẹ ń rí nínú báńkì àti hòtẹ́ẹ̀lì, pèrègún náà ni.

Bí ẹ bá lọ rà, ẹ rọra fa igi náà. Bó bá mì tìtì nínú ọ̀rá, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ yí ìdí ọ̀rá sókè, kí ẹ rí gbòǹgbò tó ń yọjú. Ká ní mo ṣe èyí, ọmọ kékeré yẹn ì bá má dójú tì mí. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n da ìgbẹ́ adìẹ tútù sí i fún yín, ó ń jó gbòǹgbò. Kó kọ́kọ́ jẹrà. Ewé gbígbẹ tí ẹ bá gbá, ẹ tẹ́ ẹ sídìí wọn kí oòrùn má fa omi ilẹ̀ tán. Dumb cane, tí ewé rẹ̀ ní tótòtó funfun, ẹ má gbìn ín sílé tí ọmọ ìrákòrò wà. Bó bá jẹ ẹ́, ẹnu rẹ̀ á wú.

Nígbà tí òjò dé, mo hú gbogbo òkú yẹn. Mo bẹ ọkùnrin tó ń ṣọ́ ilé àkọ́patì náà, ó jẹ́ kí n gé pèrègún, mo gé e ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan kan, mo rì í mọ́lẹ̀, ó ti ń yọ. Ọ̀já ìkookò, ọmọ ìdí rẹ̀ ni mo pín. Ewé rẹ̀ náà ń hù bí ẹ bá gé e, ṣùgbọ́n èyí tó ní etí ìyeyè, bó bá hù láti ara ewé, etí ìyeyè yẹn kì í bá a wá. Croton mẹ́jọ nìkan ni mo ra. Ìyá ọkọ mi gbin ẹfinrin sí ìkángun kan, ó ní òun ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Pèrègún tí mo gé ti pọ̀ ju ilẹ̀ mi lọ báyìí, díẹ̀ ṣì wà nínú báàkẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ilé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé wa, ẹ wá mú, kí òjò oṣù Keje tó dá.