"I goed"
Láàárọ̀ yìí, nínú Micra láti Mọ́kọ́lá sí Bódìjà, ọmọ mi, ọmọ ọdún 3, kọjú sí màmá tó jókòó tì wá: "I goed to Grandma house." Màmá rẹ́rìn-ín títí gèlè wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́.

"Went" ló kúkú ń sọ tẹ́lẹ̀ o! Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní "goed". Ó ti gbọ́ "played", ó ti gbọ́ "jumped", ló bá ń lẹ "-ed" mọ́ gbogbo ohun tó ti kọjá. Mo ní, "Went ni." Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mi ò gbọ́ òyìnbó: "Yes, I goed."

Yorùbá ò sì yọ ọ́ lẹ́nu rárá: ó lọ lánàá, ó ń lọ lónìí, "lọ" náà ni.

Ta lọ́mọ tiẹ̀ náà ń sọ "eated" nílé?