Ọkọ̀ ojú omi tó wà lára àpáta Tanum

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dúró níwájú àpáta Vitlycke ní Tanum, lórílẹ̀-èdè Sweden, mi ò lè gbé ojú kúrò lára àwọn ọkọ̀ tí wọ́n gbẹ́ síbẹ̀. Ìlà kan nísàlẹ̀, ìlà kan lókè, iwájú àti ẹ̀yìn yọ ìwo méjì-méjì. Lórí wọn, àwọn ìlà kéékèèké tò lọ bí eyín òòyà. Àwọn atukọ̀ nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ṣe sọ. (Ọ̀dà pupa inú wọn kì í ṣe ti ará àtijọ́ o. Òde òní ni wọ́n kùn ún kí ojú lè rí i.)

Ọ̀rẹ́ tí a jọ lọ ní awọ ẹran ni wọ́n nà sórí igi láti fi ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ti sọ bẹ́ẹ̀ rí lóòótọ́. Èmi ò gbà. Ṣebí wọ́n hú ọkọ̀ Hjortspring jáde nínú irà ní erékùṣù Als, ní Denmark, ní 1921 sí 1922? Pákó ni, okùn ni wọ́n fi rán an pọ̀, ó gùn tó nǹkan bíi mítà 19, ìwo méjì-méjì yẹn gan-an ló sì wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀!

Òun náà bá rán mi létí pé ọkọ̀ yẹn kò ju nǹkan bíi ọdún 350 ṣáájú Kristi lọ, púpọ̀ nínú àwòrán Tanum sì ti wà ṣáájú rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ta mí díẹ̀, àmọ́ pákó ni mo ṣì dìmú.