Bí mo ṣe ná ọjà ní pápákọ̀ òfurufú

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ní ọjà Akẹ̀sán kò ní gbàgbọ́ pé mítípáì kan ṣoṣo ló sọ mí di ọ̀dẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, nígbà tí mò ń lọ sí Accra lóṣù tó kọjá.

Ìyàwó mi ti se sóbò lítà kan fún mi, mo sì gbé e láti Ọ̀yọ́ bí ẹni gbé ọmọ ìkókó. Níbi àyẹ̀wò ni wọ́n ti sọ fún mi pé ohun olómi tó bá ju mílílítà 100 lọ kò gbọdọ̀ bá mi wọ bàálù, nítorí àwọn kan tí ọwọ́ tẹ̀ ní London lọ́dún 2006 pé wọ́n fẹ́ fi bọ́ǹbù olómi fọ́ bàálù. Wọ́n ní kí n dà á nù. Kí n da ohun tí a fi owó ṣe nù? Mo bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo sì gbé lítà kan mu tán láìmí. Ikùn mi le bí awọ gángan. Bí ẹnikẹ́ni bá fi kọ̀ǹgọ́ kàn án, ì bá ki oríkì Aláàfin.

Sóbò kì í ṣe oúnjẹ. Nígbà tí ebi dé, mo béèrè iye mítípáì, ọmọbìnrin tó ń tà á sì dá iye tó lè ra mẹ́rin ní Ọ̀yọ́. Mo ní kó gba ìdajì. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà, iye tó wà nínú ẹ̀rọ nìyẹn." Mo wá yí ẹ̀yìn padà, mo ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀ kí ó lè ráyè pè mí. Ní Akẹ̀sán, ẹsẹ̀ mẹ́ta péré ni mo máa ń gbé tí wọ́n á fi ní, "Ẹ mú owó wá!" Níbí, mo gbé mẹ́ta, mo gbé mẹ́wàá, mo tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń so okùn bàtà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, sálúbàtà ni mo wọ̀. Kò pè mí. Mo rìn títí mo fi kan ògiri, nítorí ẹni tó bá ti kọjá àyẹ̀wò ti di adìyẹ inú àgò.

Mo padà, ó ku ẹyọ kan, etí rẹ̀ ti jóná. Mo san owó pé. Ó ṣàlàyé pé owó ṣọ́ọ̀bù wọn ga, pé àwọn tó ni pápákọ̀ tún ń gba ìdá kan nínú ohun tí wọ́n bá tà, àti pé gbogbo ọjà wọn náà ló ń gba ibi àyẹ̀wò wọlé. Mo ní olè ni wọ́n.

Mo dé Ọ̀yọ́, mo ń fi ìbínú ròyìn rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù wa, èyí tó wà nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kan tí àwọn ọmọ kì í jáde kúrò nínú rẹ̀ títí di ìgbà ìsinmi. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Ìbejì, èló ni à ń ta gàrí níbí?" Mo ní owó ṣọ́ọ̀bù ga, ilé ẹ̀kọ́ sì ń gba tirẹ̀... Mo gbọ́ ohùn ara mi, mo dákẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọmọ kan ní kí n yọ 50 náírà lórí gàrí. Mo kọ̀. Ó yí ẹ̀yìn padà, ó ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀, ó ń so okùn bàtà rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ẹnu mi ti yà láti pè é, ṣùgbọ́n mo wo bí odi ilé ẹ̀kọ́ náà ṣe ga tó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu gàrí rẹ̀ sínú ọ̀rá.