Kérésì Níbi Tí Oòrùn Ti Ń Wọ̀ Kí Agogo Mẹ́ta Tó Lù

Ọmọ tí ó bá dàgbà sí Ìjẹ̀bú-Òde, ọyẹ́ ni ó fi ń mọ̀ pé Kérésì ti dé tán. Ètè á bẹ̀rẹ̀ sí í là, eruku á bo gbogbo ewé tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn àgbà á máa fi aṣọ bora níwájú ilé ní òwúrọ̀, ṣùgbọ́n kí ó tó di agogo mọ́kànlá, oòrùn á ti mú ganrínganrín. Nítorí náà, nígbà tí mo ń lọ kàwé ní Hamburg, ní ilẹ̀ Jámánì, òtútù nìkan ni mo múra sílẹ̀ dè. Mo ra kóòtù, mo ra ìbọ̀wọ́, mo ra ìbọ̀sẹ̀ tí ó nípọn. Òkùnkùn ni ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu bà fún mi.

Ní oṣù Kejìlá, nǹkan bí agogo mẹ́rin ni oòrùn máa ń wọ̀ ní Hamburg. Nígbà tí iṣẹ́ gbé mi kúrò níbẹ̀ lọ sí Stockholm, olú ìlú Swídìn, ti ibẹ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ: agogo mẹ́jọ ààbọ̀ á ti kọjá kí oòrùn tó yọ, á sì ti wọ̀ kí agogo mẹ́ta ọ̀sán tó lù. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú ọ́fíìsì lè jáde nílé kí ó sì padà wálé láìfojú kan oòrùn rárá. Ẹni tí kò bá tíì gbé inú òkùnkùn yìí rí lè máa rò pé fáàrí ni àwọn ará ibẹ̀ ń fi iná wọn ṣe.

Ní Jámánì, ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rin ṣáájú Kérésì ni ètò ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á hun ẹ̀ka igi tútù bí òṣùká sórí tábìlì, wọ́n á to àbẹ́là mẹ́rin sí i, wọ́n á tan ẹyọ kan ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, wọ́n á sì máa fi ọ̀kan kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á fi máa jó. Ní alẹ́ ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá, àwọn ọmọdé á nu bàtà wọn, wọ́n á gbé e sẹ́nu ọ̀nà, nítorí ọjọ́ kejì ni ọjọ́ Nikolas Mímọ́, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Myra tí ó wà ní ilẹ̀ Túrkì òde òní. Súìtì àti ẹ̀pà ni wọ́n ń bá nínú bàtà náà ní òwúrọ̀. Ọjà Kérésì tún wà káàkiri ìlú (ti Dresden ti wà láti ọdún 1434), níbi tí tọmọdé tàgbà ti ń dúró síta nínú òtútù, tí àwọn àgbà ń mu wáìnì gbígbóná tí a fi èròjà sè. Pẹ̀lú gbogbo ariwo yẹn, mo rò pé ọjọ́ Kérésì gan-an yóò mi ìlú tìtì ni. Òdìkejì rẹ̀ ni mo rí. Ní ọ̀sán ọjọ́ 24, àwọn ilé ìtajà ti ilẹ̀kùn, àwọn ènìyàn wọlé lọ bá ẹbí wọn, ọ̀pọ̀ ilé sì jẹ sáláàdì pòtétò àti sọ́séèjì, oúnjẹ tí kò la wàhálà lọ. Ìgboro dá wáí títí di alẹ́ ọjọ́ 26. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n màmá mi, lórí fóònù, ó ní, “Àwọn nìkan ni wọ́n dáná fún ni?”

Swídìn ni ó wù mí jù nínú méjèèjì, nítorí ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá, ìyẹn ọjọ́ Lucia. Ọmọ Siracusa ní erékùṣù Sicily, ní ilẹ̀ Ítálì, ni Lucia Mímọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará àríwá tí ó jìnnà sí i tó báyìí ni wọ́n gbé ọjọ́ rẹ̀ gẹ̀gẹ̀. Níbi iṣẹ́ wa, kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n pa gbogbo iná, a sì jókòó sínú òkùnkùn títí a fi gbọ́ orin láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni, nínú ẹ̀wù funfun gígùn. Ọmọbìnrin tí ó ṣáájú di ọ̀já pupa mọ́ ìbàdí, ó dé adé àbẹ́là, kò yí ọrùn sọ́tùn-ún tàbí sósì bí ẹni tí ó ru omi, bẹ́ẹ̀ sì ni bátìrì ni àbẹ́là náà ń lò. Àwọn ọmọkùnrin dé fìlà ṣóńṣó olójú ìràwọ̀. Lẹ́yìn orin ni wọ́n gbé búrẹ́dì aláwọ̀ yẹ́lò ká, èyí tí wọ́n ká orí rẹ̀ kò, tí wọ́n fi èso àjàrà gbígbẹ há sí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti òbúkọ Gävle, ìlú kan ní Swídìn, kún un. Láti ọdún 1966 ni wọ́n ti ń fi koríko gbígbẹ kọ́ òbúkọ ràgàjì sí gbàgede ìlú náà ní àsìkò Kérésì, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni àwọn ìpáǹle ti dáná sun ún kí ọdún tó dé. Ará Ìjẹ̀bú á bi yín pé òbúkọ tí a kò lè jẹ, kí ni a ń fi í ṣe?

Ní Stockholm, mo rí ewùrà rà ní ìsọ̀ àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, mo sì fi dín ọ̀jọ̀jọ̀ ní ọjọ́ 24, mo bù ú sínú àwo, mo lọ kan ilẹ̀kùn ìyá àgbàlagbà tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ó ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, kò yọ ṣéènì, ó béèrè bóyá nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ni. Ó jẹ ẹ́, ó sì dùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn pa mí lẹ́rìn-ín fún ọjọ́ púpọ̀.

Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, mo padà sílé. Ọkọ̀ ti dí pa láti Èkó títí dé Ṣàgámù, nítorí gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ni ó ń bọ̀ nílé. Ìgbà tí mo fi máa dé, Ìyá Àgbà ti ń rin ewùrà. Ìkọ́kọrẹ́ ni ó fẹ́ sè: epo, ata àti ẹja gbígbẹ ti ń hó lórí iná, ó ń fi ọwọ́ ju ewùrà náà sínú ọbẹ̀ ní ṣíṣù-ṣíṣù, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣíbí kàn án títí ó fi gan. Lẹ́yìn náà ni àwo bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Àkọ́kọ́ lọ sí ilé Alhaji tí ó wà lódìkejì, tí ẹran Iléyá wọn kì í ṣàìdé ọ̀dọ̀ wa. Ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ogun ja Ìjẹ̀bú ní ọdún 1892 ni ọ̀nà tó là gbòòrò fún ẹ̀sìn Kírísítì níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rí àwo tí ń wọlé tí ń jáde yìí á rò pé ọjọ́ tí Ìjẹ̀bú ti dáyé ni Kérésì ti wà.

Ibi kan wà tí mo ti gbè sẹ́yìn àwọn ará Swídìn, n kò sì fi pamọ́. Ní ọjọ́ 24, gbogbo wọn ni ó ń jókòó, títí kan ẹni tí ó se oúnjẹ. Láti ìdájí tí Ìyá Àgbà ti jí, kò fìdí kan àga àfi ìgbà tí ilẹ̀ ṣú, oúnjẹ tirẹ̀ sì ti tutù nínú abọ́. Mo ní, “Ìyá Àgbà, ẹ jẹ́ ká dín ilé tí à ń gbé oúnjẹ lọ kù lọ́dún tó ń bọ̀.” Ó ní kí n mú bírò wá, kí a kọ orúkọ gbogbo ilé náà sílẹ̀, kí n fa èyí tí mo bá fẹ́ yọ tì. A kọ ọ́ tán, n kò tíì fa ọ̀kankan tì tí ó fi rántí ilé mẹ́ta míràn tí a kò gbé fún, ó sì ní kí n fi wọ́n kún un.