Kírẹ́dìtì yunifásítì láti ilé-ẹ̀kọ́ girama: ibi tí ọmọ ń lọ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà ní girama ní Amẹ́ríkà, ohun tí mo kọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí kò gùn: ọmọ girama lè ti máa kó kírẹ́dìtì, ìyẹn òǹkà tí yunifásítì fi ń díwọ̀n kíláàsì tí èèyàn ti yege, àmọ́ yunifásítì tí ọmọ ń lọ ló ń sọ iye tí kírẹ́dìtì rẹ̀ jẹ́. Ọmọ lè kó 30 dé ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n gba gbogbo rẹ̀, kó sì jẹ́ 9 péré ló wúlò fún iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́. Ìyókù á bọ́ sápò elective, níbi tí wọ́n ń kó ohun tí kò ní àyè sí.

Nítorí náà, kí ẹ tó forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún ohunkóhun, ẹ lọ sórí ìkànnì yunifásítì mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó wù ú, kí ẹ wá degree plan iṣẹ́ náà jáde, ìyẹn ìwé tó to gbogbo kíláàsì tí ọmọ máa kọ́ kó tó gboyè. Bachelor's, oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, sábà máa ń jẹ́ 120 kírẹ́dìtì, kíláàsì kan sì sábà máa ń jẹ́ 3. Ẹ fi bírò sàmì sí àwọn kíláàsì ọdún kìn-ín-ní àti ìkejì. Àwọn yẹn ni kí ẹ máa lé.

AP (Advanced Placement), kíláàsì ìpele kọ́lẹ́jì ní girama tí àjọ College Board ń ṣe ìdánwò rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ mọ̀. Ọmọ á kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, á ṣe ìdánwò ní oṣù Karùn-ún, máàkì rẹ̀ á sì wà láàrin 1 sí 5. Bó gba A nínú kíláàsì, tí kò ṣe ìdánwò yẹn, kò sí kírẹ́dìtì. Oṣù Kọkànlá ni ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò ti máa ń parí, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù. Owó rẹ̀ sún mọ́ 100 dọ́là fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdílé tí owó tó ń wọlé fún un kò pọ̀ lè bi counselor, olùdámọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́, nípa ẹ̀dínwó. Ní Texas, òfin 2015 ní kí yunifásítì ìjọba máa gba 3 sókè, àyàfi tí wọ́n bá ní ẹ̀rí pé kíláàsì náà ń béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn aládàáni ńláńlá le jù bẹ́ẹ̀: Dartmouth ti dáwọ́ kírẹ́dìtì AP dúró láti orí àwọn tó wọlé ní 2014.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ tó jọra o. AP Physics 1 kò ní calculus (ẹ̀ka ìṣirò gíga) nínú, bẹ́ẹ̀ Physics C ni ọmọ engineering nílò. Bó gba 5 nínú Physics 1, ẹ bá a yọ̀, àmọ́ yóò tún físíìsì kọ́ ní yunifásítì.

Dual enrollment, tí Texas ń pè ní dual credit, yàtọ̀. Kíláàsì kọ́lẹ́jì gan-an ni, a sì ń kà á fún girama àti kọ́lẹ́jì lẹ́ẹ̀kan náà. Florida kì í gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ọmọ girama ìjọba, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ GPA (ìpíndọ́gba máàkì) 3.0. Ní Texas, ètò FAST tó bẹ̀rẹ̀ ní 2023 sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ fún ọmọ tó yẹ fún oúnjẹ ọ̀fẹ́ tàbí ẹlẹ́dìnwó nílé-ẹ̀kọ́, bí kọ́lẹ́jì náà bá wà nínú ètò. ENGL 1301 (Gẹ̀ẹ́sì), HIST 1301 (ìtàn Amẹ́ríkà) àti GOVT 2305 (ìjọba Amẹ́ríkà) kì í sábà ṣòfò níbẹ̀. MATH 1314 (College Algebra) ló máa ń tan èèyàn jẹ: ó dára fún ẹlòmíràn, àmọ́ MATH 2413 (Calculus I) ni ọmọ engineering ń wá.

Ewu rẹ̀ ni pé máàkì rẹ̀ kì í parẹ́. C tí ọmọ ọdún 16 gbà yóò wà lórí transcript kọ́lẹ́jì, ìwé tó ní gbogbo máàkì rẹ̀, títí láé. Ó kan àwa tí a fẹ́ dókítà nílé dandan: AMCAS, tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ń lò láti gba ìwé ìbéèrè, ń béèrè transcript gbogbo kọ́lẹ́jì tí èèyàn kà rí, wọ́n sì ń ka máàkì ìgbà girama yẹn mọ́ GPA. Tèmi ni pé kí ọmọ tó fẹ́ ìṣègùn fi Gẹ̀ẹ́sì àti ìtàn kó kírẹ́dìtì, kó fi bàọ́lọ́jì àti kẹ́mísìrì sílẹ̀ di yunifásítì.

Bí kíláàsì bá fẹ́ dojú rú, ẹ wo kàlẹ́ńdà. Ní Texas, census date (ọjọ́ tí kọ́lẹ́jì ń ka iye akẹ́kọ̀ọ́) sáà ọlọ́sẹ̀ 16 ni ọjọ́ kíláàsì kejìlá. Ẹni tó kúrò ṣáájú rẹ̀, kò sí àpá. Lẹ́yìn rẹ̀, W (withdrawn, ó ti kúrò) ni wọ́n á kọ sórí transcript. Ẹni tó kàn ṣíwọ́ lílọ láì gba fọ́ọ̀mù, F ló ń dúró dè é. Ẹ̀yin kọ́ lẹ sì máa pe lẹ́kítọ̀rà láti bẹ̀bẹ̀: lábẹ́ FERPA, òfin àṣírí àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ọmọ ọdún 15 tó wọ kọ́lẹ́jì ló ni àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda lọ́jọ́ tó bá forúkọ sílẹ̀.

CLEP, ìdánwò mìíràn tí College Board ń ṣe fún kírẹ́dìtì, kò nílò kíláàsì. Máàkì rẹ̀ jẹ́ 20 sí 80, 50 sì ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tó ń gbà á máa ń béèrè. Àjọ Modern States ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ń fúnni ní voucher tó ń san owó ìdánwò. Ẹni tó bá kùnà á dúró fún oṣù mẹ́ta.

Fún ọmọ tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ACTFL, àjọ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ èdè, ní ìdánwò ọ̀rọ̀ ẹnu, OPI, lédè wa. Ẹ bi ẹ̀ka èdè yunifásítì náà bóyá wọ́n ń gbà á kí ẹ tó sanwó.

Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, fífi ránṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Transcript girama tó ní orúkọ kíláàsì náà kò tó. Ọmọ gbọ́dọ̀ béèrè fún ti kọ́lẹ́jì fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tí máàkì sáà ìkẹyìn bá ti wọlé. College Board ń fi máàkì AP ránṣẹ́ síbi kan lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún, bí ọmọ bá ti yan ibẹ̀ kí 20 oṣù Kẹfà tó kọjá. Kí ọjọ́ orientation, ìfìmọ̀nà akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, tó pé, ẹ rí i pé méjèèjì ti dé, torí advisor, ẹni tó ń bá ọmọ yan kíláàsì, tí kò bá rí wọn, yóò fi ọmọ sínú kíláàsì tí ọmọ ti kọ́ parí.