"Epo" Nìkan Ni Ọmọ Ọkọ̀ Mi Sọ

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wa ọkọ̀ dísù kọjá ẹnubodè, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀kọ́ nípa bẹntiróò tí wọ́n ṣèèṣì rọ sínú ọkọ̀ dísù yìí ná mi lówó, mi ò sì fẹ́ kó ná ẹnikẹ́ni nínú yín.

Ọdún 2014 ni. Mo kó ìyá aláṣọ mẹ́wàá láti Ìlésà, à ń lọ sí ọjà Dantokpa ní Kútọnú. Ọmọ Òṣómàáló ni wá, ìrìn àjò òwò kì í ṣe tuntun lójú wa. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí a fi gbéra, a gba Ìbàdàn, a gba Abẹ́òkúta, a já sí Ìdìrókò. Hiace dísù ni mo ń wà nígbà náà, kò sì ní àléébù kankan lára. Ìgbà tí a fi kọjá ẹnubodè tí a wọ Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, oorun ti ń kùn mí. Mo yà sí ilé epo kan, mo ní kí ọmọ ọkọ̀ mi sọ̀ kalẹ̀, èmi gbórí lé wíìlì.

Yorùbá pọ̀ ní Àjàṣẹ́. Ọmọbìnrin tó ń ta epo kí wa, ó ní ẹ káàbọ̀, ẹ kú ìrìn. Ọmọ ọkọ̀ mi dá a lóhùn tayọ̀tayọ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ bá wa rọ epo ọgbọ̀n líta."

Epo. Kò fi nǹkan kan kún un. Nílé ìdáná, tí ẹ bá ní epo, epo pupa ni. Nílé epo, bẹntiróò ni. Àwa tí à ń wa ọkọ̀ dísù la máa ń pe tiwa lórúkọ: dísù là ń pè é, àwọn bàbá wa nínú iṣẹ́ ń pè é ní gáàsì. Ọmọbìnrin yẹn gbọ́ Yorùbá, ohun tí Yorùbá sì sọ ló ṣe. Mi ò bá a wí nígbà náà, mi ò bá a wí lónìí. Ká ní ibi tí wọn ò ti gbọ́ èdè wa ni a bọ́ sí ni, ọmọ yìí ìbá nawọ́ sí ẹ̀rọ, ìbá béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ara tù ú bí ẹni wà nílé, ló fi sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé.

A ò rìn tó kìlómítà márùn-ún tí ẹ́ńjìnnì fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún kó-kó-kó, bí ẹni ń fi òkúta lu agolo. Mo tẹ tọ́tù, ọkọ̀ ò dáhùn. Ó tú èéfín, ó kú. Àṣìṣe tèmi gan-an wá bẹ̀rẹ̀: mo ṣí i, kò dáhùn, mo tún ṣí i. Ó tó ìgbà mẹ́fà kí Màmá kan tó ní, "Dẹ́rẹ́bà, fi í sílẹ̀, ọkọ̀ yìí ń ké." Màmá yẹn ò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò, ṣùgbọ́n òun ló gbọ́n jù nínú gbogbo wa lọ́jọ́ náà.

Mẹkáníìkì tí wọ́n pè fún wa fa epo díẹ̀ jáde látinú fílítà, ó kán an sí ìka, ó fi ìka méjì ra á, ó ní kí èmi náà ra á. Ó tutù lọ́wọ́, kíá ló gbẹ. Dísù kì í gbẹ bẹ́ẹ̀, ó máa ń yọ̀ lọ́wọ́ bí òróró ni. Láti ọjọ́ náà, tí ọkàn mi ò bá balẹ̀, ìka mi ni mo máa ń bi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí bẹntiróò ń ṣe nínú ẹ́ńjìnnì yìí, torí mo ti gbọ́ tí àwọn àgbà iṣẹ́ kan ń sọ pé díẹ̀ ò lè pa á lára. Rudolf Diesel, ọmọ Jámánì, ló ṣe é, ọdún 1897 ni èyí tó ṣiṣẹ́ dáadáa jáde. Kò ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná. Písítìnì ló ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí afẹ́fẹ́ yóò fi gbóná gidigidi, tí dísù bá sì ti fọ́n sínú ooru yẹn, á gbiná fúnra rẹ̀. Bẹntiróò kì í tètè gbiná bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì fi ń kan kó-kó-kó tó sì ń kú. Èyí tó ń jẹ owó tún yàtọ̀. Nínú ọkọ̀ dísù, dísù fúnra rẹ̀ ni òróró tí ń mú kí ara pọ́ǹpù máa yọ̀. Bẹntiróò á fọ òróró yẹn dànù, irin á máa ha irin, èérún irin á sì bá epo lọ sínú àwọn nọ́sù tí ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, tí ihò wọn kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Nínú ẹ́ńjìnnì àtijọ́, pọ́ǹpù lè fara dà á díẹ̀. Nínú ti ìsinsìnyí, agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti epo máa ń ju 1,000 bar lọ (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára ìtì yẹn), bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀ kékeré ò ju bíi 2 sí 3 bar. Irú pọ́ǹpù bẹ́ẹ̀ ò gba "díẹ̀ ò lè pa á lára". Nínú ọkọ̀ tèmi, pọ́ǹpù lọ, nọ́sù méjì lọ. Owó tí mo san fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èrè oṣù mẹ́ta, àwọn ìyá wa sì wọ ọkọ̀ ẹlòmíì dé ọjà.

Bó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, tí ẹ sì rí i nígbà tí ẹ ṣì wà nídìí ẹ̀rọ, ẹ má fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Mi ò sọ pé kí ẹ má ṣí ẹ́ńjìnnì nìkan o. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí ẹ bá ti yí kọ́kọ́rọ́ kí iná dáṣíbọ́ọ̀dù tàn, pọ́ǹpù inú táǹkì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn. Ẹ fi jíà sí fíríì, kí ẹ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ sọ fún àwọn onílé epo, ẹ má tijú. Kí wọ́n fa táǹkì gbẹ, kí wọ́n pààrọ̀ fílítà, kí wọ́n tó rọ dísù tuntun. Ẹ má fi ẹnu fa á, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó ń mu sìgá sún mọ́ ibẹ̀. Bí ẹ bá tètè mọ̀, iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni. Bí ẹ bá ṣí i, ó di tèmi.

Nǹkan kan tún wà tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ẹnu ẹ̀rọ bẹntiróò tóbi tó nǹkan bíi 21 mílímítà, ti dísù tó bíi 24 tàbí 25. Ẹnu dísù kì í wọ táǹkì ọkọ̀ bẹntiróò, ṣùgbọ́n ẹnu bẹntiróò á wọ táǹkì ọkọ̀ dísù wọ̀ọ̀. Kò sí ohun tó máa kọ̀ fún un. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé àwa oní-dísù ló sábà máa ń kó sí i. Wọ́n ti ń ṣe ìdérí kan tó jẹ́ pé ẹnu tó tóbi nìkan ló lè ṣí i, àwọn ọkọ̀ kan sì ní i láti ilé iṣẹ́. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi sí ọkọ̀, ẹ mú àrọ tó bá a mu dání, torí ibòmíràn wà tí ẹnu ẹ̀rọ dísù wọn ò tóbi tó.

Orúkọ ló wá le jù. Ní Benin àti Tógò, gasoil ni dísù. Essence tàbí super ni bẹntiróò. Bàbá tó ń pe dísù ní gáàsì ò ní ṣìnà púpọ̀ níbẹ̀, torí gasoil sún mọ́ ọn. Kí bàbá yẹn kan náà dé Amẹ́ríkà kó sọ pé gas! Bẹntiróò ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún. Ní Sípéènì, gasóleo ni dísù, gasolina ni bẹntiróò; ìbẹ̀rẹ̀ kan náà ni méjèèjì ní, ẹ kà á dé òpin. Ní Jámánì, Benzin jọ bẹntiróò tiwa létí, òun náà sì ni lóòótọ́. Ẹ má ra dísù inú ìgò tàbí jálá lẹ́bàá ọ̀nà ní Benin. Kpayo ló pọ̀ níbẹ̀, bẹntiróò tí wọ́n gbé wọlé láti ọ̀dọ̀ wa níbí ni.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi kan tó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ti mọ̀ ọ́n pé dúdú ni ọwọ́ ẹ̀rọ dísù, àwọ̀ ewé ni ti bẹntiróò. Ó lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n yá ọkọ̀ dísù, ó pè mí láti ìdí ẹ̀rọ: "Ọ̀gá, dísù ni wọ́n kọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé ni ọwọ́ ẹ̀." Mo ní kó gbàgbé àwọ̀, kó ka ohun tí wọ́n kọ, kó sì ka èyí tí wọ́n kọ sí ẹnu táǹkì. Ọ̀pọ̀ ilé epo lọ́hùn-ún ló ń fi àwọ̀ ewé sí ti dísù. Inú mi dùn pé ó pè kó tó rọ ọ́.

Yúróòpù ti mú un rọrùn díẹ̀. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2018 ni wọ́n ti ń lẹ àmì kan náà mọ́ ẹ̀rọ àti mọ́ ẹnu táǹkì ọkọ̀ tuntun: róbótó ni ti bẹntiróò, pẹ̀lú lẹ́tà E, onígun mẹ́rin ọgbọọgba ni ti dísù, pẹ̀lú lẹ́tà B, bíi B7. Ibi tí mo ti ń bẹ̀rù fún ọmọ Yorùbá nìyí. B yẹn kì í ṣe B bẹntiróò o! Dísù ni. Ìrísí àmì ni kí ẹ wò. Bí ọkọ̀ bá sì ní ìdérí aláwọ̀ búlúù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti epo, AdBlue ló ń lọ síbẹ̀, nǹkan olómi tí ń fọ èéfín ọkọ̀ dísù mọ́. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò gbọdọ̀ kan táǹkì dísù.

Nígbà tí mo dé Ìlésà, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo fi ọ̀dà kọ ọ́ gàdàgbà sínú ìdérí ẹnu táǹkì: DÍSÙ, DIESEL, GASOIL. Ọmọ ọkọ̀ mi gan-an ló di búrọ́ọ̀ṣì mú. Mo tún sọ ọ́ di òfin pé ẹni tó ń wa ọkọ̀ ni yóò sọ̀ kalẹ̀, bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́ tó, yóò ka ojú ẹ̀rọ, yóò sì dúró tì í títí wọn yóò fi yọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ Kútọnú tàbí Lomé lóṣù yìí, ẹ gbé ọkọ̀ yín yà sọ́dọ̀ mi ní Ìsọ̀kùn kí ẹ tó lọ. Ọ̀dà funfun ṣì kù nílẹ̀, mi ò sì ní gba kọ́bọ̀.