Snapshot tí mo gbàgbé
Aago méjì òru ni mo tó kúrò ní ọ́fíìsì wa ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ sọ́fítíwíà tó ń pín patch (àtúnṣe kéékèèké fún sọ́fítíwíà) fún àwọn server wa di tuntun. Orí virtual machine ló wà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí sọ́fítíwíà dá sínú kọ̀ǹpútà gidi. Mo ya snapshot rẹ̀, ìyẹn bó ṣe wà lásìkò yẹn gan-an, kí n tó fọwọ́ kàn án, bó bá dojú rú kí n lè rí ọ̀nà padà. Kò dojú rú. Inú mi dùn, mo gba ìdí iyán lọ, mo gbàgbé snapshot.

Àṣé gbogbo àyípadà tó ń wáyé ló ń kó jọ, ṣe ló ń wú bíi gàárì tí wọ́n da omi sí! VMware tó ṣe sọ́fítíwíà tá a fi ń dá virtual machine wa fúnra wọn ní kéèyàn má fi ẹyọ kan sílẹ̀ ju wákàtí 72 lọ. Lálẹ́ àná, datastore, ibi tá à ń kó fáìlì àwọn virtual machine sí, kún dẹ́nu, virtual machine mẹ́fà dúró gbagidi. Ọ̀gá pè: "Ṣé wọ́n múná lọ ni?" Ó ṣe mí bíi kí n ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Mo kó àwọn fáìlì ISO àtijọ́ (ẹ̀dà CD tá a fi ń gbé sọ́fítíwíà wọlé) dànù kí àyè lè wà, mo wá ní kó pa snapshot rẹ́. Ó sáré dé 99%, ló bá jókòó síbẹ̀. Wákàtí kan ààbọ̀! Èmi àti 99% ń wo ara wa, ẹ̀fọn ń jẹ mí lẹ́sẹ̀, n ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí, ṣé 99% ti fojú yín rí nǹkan rí?